Orúkọ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Wọ́gi Lé Nínú Ìwé Líìgì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa, mo kí yín o. Akọ̀wé yín wá bá mi lẹ́yìn ìsìn, ó ní ẹ fẹ́ kí àwa àgbà tó ti fẹ̀yìn tì kọ ìtàn iṣẹ́ tí a ṣe láyé, kí ẹ̀yin náà lè mọ ibi tí ẹ máa dorí kọ. Ó ní dókítà ti kọ tirẹ̀, ìyá tó ṣiṣẹ́ ní báńkì náà ti kọ tirẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé iṣẹ́ tèmi ni akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ ní líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú Bìní, ó wò mí títí, ó ní, "Daddy, that one na work?" Mo rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ni, ọmọ mi. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà tí irun orí mi dúdú bíi kóró iṣin, mo sì ń ṣe é títí tí kò fi sí irun kankan tí a lè pè ní dúdú tàbí funfun mọ́.

Ohun tó dùn nìkan ni mo fẹ́ kọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ọdún kan báyìí tí bíárò dúró. Lọ́dún náà, mo ṣe ohun kan sí Dàpọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún mi, n kò sì sọ ọ́ fún un rí. Àbújá ló wà báyìí. Mo wá rí i pé n kò lè kọ ọ́ fún yín kí n tó kọ́kọ́ fẹnu ara mi sọ ọ́ fún òun. Ẹ máa bá mi bọ̀, a máa débẹ̀.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta páànù ìkọ́lé ní ọjà New Benin ló mú mi wá síbí nígbà tí mo ka ìwé mẹ́wàá tán. Ó rò pé màá máa bá òun ka páànù, ṣùgbọ́n ariwo ọjà náà pọ̀ fún mi, mo sì máa ń ṣi páànù kà. Nígbà tí mo gbọ́ pé líìgì àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń wá ẹni tí ìkọ̀wé rẹ̀ mọ́, mo kọ lẹ́tà sí wọn, wọ́n sì gbà mí. Owó oṣù ńkọ́? Ó ń tó jẹun, kò tó fi ṣe fújà.

Ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀ ni Ọ̀gá Osaze, ọmọ Bìní pọ́ńbélé, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í wọ ṣòkòtò gígùn lọ́jọ́ iṣẹ́. Yàrá kan lẹ́yìn pápá ìṣeré ni ọ́fíìsì wa: tábìlì méjì, àga méjì, àpótí onírin kan. Inú àpótí náà ni ìwé líìgì ń gbé. Ìwé ńlá ni, èèpo rẹ̀ le bíi pátákó. Orúkọ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ líìgì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ gbogbo ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ní sáà kọ̀ọ̀kan. Fún odindi oṣù mẹ́ta, Ọ̀gá Osaze kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Bébà àlòkù ló ń fún mi. Màá kọ orúkọ, yóò wò ó, yóò fà á ya, yóò ní kí n tún un kọ. Ó ní orúkọ ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe ohun tí a fi ń kọ́ṣẹ́.

Lọ́jọ́ tó wá gbà mí láyè, orúkọ kẹta tí mo kọ ni mo ṣì. Orúkọ Bìní ni, mo fo lẹ́tà kan níbẹ̀. Ọ̀gá kò pariwo. Ó ní kí n dìde, kí n fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà, kí n bá a nínú kíláàsì, kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, kí n sì ní kó pe orúkọ rẹ̀ sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo lọ. Gbogbo kíláàsì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, tíṣà wọn pàápàá ń fi ìwé bo ẹnu. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mò ń sọ fún ara mi pé ìkà ni ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò ṣi orúkọ ọmọ kankan kọ mọ́.

Nígbà tí mo dé, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ inú líìgì kò pọ̀. Àwọn ti ìjọ tó ti wà tipẹ́ ni, àti díẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó lè ṣàdédé wọlé. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì tó ti wà nínú líìgì gbọ́dọ̀ dìde dúró fún un níwájú ìgbìmọ̀, bí ẹni ń ṣe onídùúró. Lẹ́yìn náà ni èmi àti ọ̀gá á lọ wo pápá wọn, torí ẹni tí kò ní pápá kò ní líìgì. Okùn la fi ń wọn pápá láyé ìgbà yẹn, okùn tí ọ̀gá ti ta kókó sí ní ìwọ̀n ìwọ̀n. Èmi á di orí rẹ̀ mú, òun á di ìdí rẹ̀ mú, a ó máa lọ nínú ìrì àárọ̀. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn ìlú, òkìtì ọ̀gán kan wà láàárín gbùngbùn pápá. Prinsípà wọn bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní àwọn máa ti hú u kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ń ká okùn rẹ̀ lọ, ó ní, "When the ant don pack, make una call us." Ọdún méjì gbáko ni ilé-ẹ̀kọ́ náà fi dúró síta nítorí ọ̀gán.

Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, bíárò pupa la fi ń kọ orúkọ rẹ̀ ní sáà àkọ́kọ́. Bó bá parí sáà náà láìsá, láìjà, a ó fi búlúù tún un kọ, a jẹ́ pé ó ti di ọmọ ilé. Bí wọ́n bá sì kúrò, tàbí tí a bá yọ wọ́n, ọ̀gá kò gbà kí a ha orúkọ wọn dànù. Rúlà ni ká fi fa ìlà kan ṣoṣo sórí rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ṣì lè kà á. Ó ní ẹni tó bá ti wá rí, ó ti wá.

Ohun tó ń da líìgì rú jù lọ ni jíjí agbábọ́ọ̀lù. Ilé-ẹ̀kọ́ ńlá á rí ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá múṣémúṣé ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré, wọ́n á fa bàbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó o tó mọ̀, ọmọ ti pààrọ̀ yúnífọ́ọ̀mù. Nítorí náà ni òfin wa fi sọ pé ọmọ tó bá kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nínú líìgì bọ́ sí òmíràn gbọ́dọ̀ jókòó odindi sáà kan kó tó lè gbá bọ́ọ̀lù fún ibi tuntun. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá lò ó kí sáà náà tó pé, gbogbo àmì tó ti gbà lọ nìyẹn, a ó sì yọ ọ́ kúrò nínú líìgì fún sáà méjì. Bó ṣe wà nínú ìwé nìyẹn, kò sí àmọ́ kankan níbẹ̀.

Àmọ́ kan wà ṣá, ẹnu la kó o sí. Ọlọ́pàá kan ni wọ́n gbé láti àgọ́ kan lọ sí òmíràn lódìkejì ìlú. Ó kó ẹrù, ó kó ìyàwó, ọmọ rẹ̀ sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn níbẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù ni ọmọ náà. Ọ̀gá Osaze kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó ní ká lọ wo ilé tí wọ́n kó lọ. A bá ìkòkò lórí iná, a bá bẹ́ẹ̀dì ní yàrá, aṣọ ìyàwó ń gbẹ lórí okùn. Ọ̀gá yíjú sí mi, ó ní, "Na house pack. No be the boy pack. Write am." Mo kọ orúkọ ọmọ náà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù. Láyé ìgbà yẹn, ohun tí akọ̀wé líìgì bá sọ labẹ gé, ìgbìmọ̀ kì í dá sí i bí kò bá sí ẹni tó pariwo. Bí a ṣe ń bọ̀ lọ́nà, mo bi í bóyá kí n fi kún òfin inú ìwé. Ó ní rárá, ó ní, "If we write am, people go dey pack house because of ball. Make e dey our mouth." Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Mo rò pé ọgbọ́n ńlá ni. N kò rò ó pé ẹnu méjì péré ló wà níbẹ̀, àti pé ọ̀kan nínú rẹ̀ ti ń darúgbó.

Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, ó fi kọ́kọ́rọ́ àpótí lé mi lọ́wọ́. Kò pẹ́ sí i, ó kú. Nígbà ìsìnkú rẹ̀, èdè Bìní ni gbogbo èèyàn ń sọ. Èmi nìkan jókòó ní ìlà ẹ̀yìn, n kò gbọ́ ju ìdajì lọ nínú ohun rere tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀. Mo bá fi Yorùbá sunkún tèmi. Bí mo ṣe délé lọ́jọ́ náà ni mo mọ̀ pé àjò kò dà bí ilé, bó ti wù kéèyàn pẹ́ níbẹ̀ tó.

Irinṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Tépù onírin rọ́pò okùn ọ̀gá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, tó ń pariwo bí ẹni ń fọ́ ẹ̀kùrọ́, mo sì fi ìka méjì kọ́ ọ títí mo fi mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni fọ́tò dé, tí a ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ káàdì ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kó tó dé, ojú la fi ń dá wọn mọ̀, a kò sì fi àṣà náà sílẹ̀. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ méjèèjì á tò lórí ìlà, màá máa pe orúkọ. Ẹni tí mo bá pè á bọ́ síwájú, olùkọ́ eré ìdárayá ilé-ẹ̀kọ́ kejì, tí gbogbo wa ń pè ní gémù másítà, á wò ó lójú dáadáa. Bí ara bá fu ú, ibẹ̀ ni yóò ti sọ ọ́. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bẹ̀rẹ̀, kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́.

Àdúgbò Ogida ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé nígbà náà. Nọ́ọ̀sì ni. Ibẹ̀ la bí Dàpọ̀ sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí. Màá sọ Yorùbá sí i, yóò fi òyìnbó tàbí Píjìn dá mi lóhùn, ìyá rẹ̀ á sì ní kí n fi ọmọ òun sílẹ̀, pé ó kúkú gbọ́. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, àwa méjèèjì a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà, a ó máa fi ìdérí ìgò tò ó sílẹ̀ pé báyìí ló yẹ kí wọ́n sáré. Ẹsẹ̀ òsì ló ń lò. Tó bá gba bọ́ọ̀lù létí ìlà, ọkàn mi á máa lù kìkì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo fẹ́ràn ọmọ náà gan-an, mo sì fẹ́ràn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n wá gbé ìyàwó mi lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Oregbeni. Láti Ogida dé ibẹ̀, èèyàn á la gbogbo ìlú kọjá láàárọ̀, á tún la gbogbo rẹ̀ kọjá nírọ̀lẹ́. A kó lọ sí Oregbeni. Dàpọ̀ kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ Ogida tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún, ó bọ́ sí ọ̀kan tó wà nítòsí wa. Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré ni, wọn kò tíì pẹ́ nínú líìgì, kò ju ọdún kan lọ tí mo fi búlúù kọ orúkọ wọn. Inú wọn dùn sí Dàpọ̀ bí ẹni rí omi nínú ẹ̀ẹ̀rùn.

Nítorí ọmọ mi wà níbẹ̀, mo ní n kò ní fọwọ́ kan káàdì ilé-ẹ̀kọ́ náà rárá. Mo kó gbogbo rẹ̀ fún igbákejì tí wọ́n fún mi lẹ́yìn tí ọ̀gá lọ. Mo rò pé ìwà ọmọlúàbí ni. Igbákejì mi yìí, ojú ń tì í láti bi ọmọ ọ̀gá rẹ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ wo lo ti ń bọ̀. Ó kàn fi òǹtẹ̀ lù ú ni. Èmi náà kò sì ronú kàn án, torí lọ́kàn tèmi, ilé ló ṣí, ọmọ kò ṣí. Ká ní ọmọ ẹlòmíì ni, màá ti lọ wo ìkòkò wọn, màá sì ti sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò tèmi, ta ni màá ní kó wá wò ó?

Ilé-ẹ̀kọ́ kékeré yẹn gbá bọ́ọ̀lù dé àṣekágbá, kò sì sí gémù másítà kan tó dá Dàpọ̀ mọ̀ lórí ìlà. Àwọn ará Oregbeni fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ikpoba wá sí pápá ìṣeré, àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n, àwọn ọmọ wọn ń kọrin. Ìyàwó mi wà nínú wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Nígbà tí mo pe Dàpọ̀ tó bọ́ síwájú, gémù másítà ilé-ẹ̀kọ́ kejì wo ojú rẹ̀, ó tún un wò, ó nawọ́ sókè. Ó ní ọmọ yìí dojú kọ àwọn ní sáà tó kọjá, ilé-ẹ̀kọ́ Ogida ló sì gbá a fún. Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ sí ti Ogida.

Gbogbo nǹkan dúró. Ìgbìmọ̀ líìgì kó ara wọn jọ sí igun pápá, wọ́n ní kí n gbé ìwé wá, kí n ka òfin náà sókè. Mo kà á. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé, "Na him papa be registrar. Yoruba man wan carry cup go him house." Alága ìgbìmọ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó wò mí, ó rí i pé òógùn ti bò mí. Ó bi mí pé, "Registrar, is there any exception known to you?"

Àmọ́ kan wà. Èmi nìkan ni mo mọ̀ ọ́n nínú gbogbo àwọn tó dúró síbẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ sọ pé bí mo ṣe rò nìyẹn. Mo wo Dàpọ̀. Ó ti so okùn bàtà rẹ̀, ó dúró lórí ìlà, ó ń wò mí bí ọmọ ṣe ń wo bàbá rẹ̀ nígbà tí ẹlòmíì bá gbé ẹgba sókè. Mo rò ó pé bí mo bá ní Ọ̀gá Osaze ló sọ ọ́, wọ́n á ní òkú kì í jẹ́rìí. Bí mo bá ní mo ti rí i tí a lò ó fún ọmọ ọlọ́pàá, wọ́n á ní ibo ni a kọ ọ́ sí. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń bẹ̀rù ohun tí àwọn èèyàn máa sọ nípa mi. Mo dá a lóhùn, "There is none."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọ́n ní kí n ṣe bí òfin ṣe wí. Mo tẹ́ ìwé sórí tábìlì, mo mú rúlà, mo fa ìlà sórí orúkọ ọmọ mi, mo sì fa òmíràn sórí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn ará Oregbeni tún rìn padà gun òkè, wọn kò kọrin. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò padà sínú líìgì mọ́ láéláé. Kí sáà méjì yẹn tó pé, wọ́n ti gbé prinsípà wọn tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù lọ síbòmíràn, wọ́n sì ti kọ́ kíláàsì sórí pápá tí èmi fúnra mi wọ̀n.

Àwọn èèyàn bọ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní bàbá tí kò gbè sẹ́yìn ọmọ rẹ̀, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Alága gan-an sọ ọ́ nínú ìpàdé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Irọ́ tèmi kò tíì dé ọjà tí wọ́n fi rà á tán, wọ́n tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nílé, ìyàwó mi gbé oúnjẹ síwájú wa. Dàpọ̀ kò jẹ ẹ́. Ó bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, "Daddy, so no way at all?" Mo ní òfin ni òfin, kó jẹun. Ó dìde nídìí tábìlì. Ní ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n ní òun ló tú ẹgbẹ́ ká. Kò tún gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Ó kàwé, ó lọ sí yunifásítì lókè ọ̀hún, ó ríṣẹ́ sí Àbújá, ó fẹ́yàwó, ó bímọ. Ó máa ń pè mí nígbà ọdún. Á béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn mí, màá ní ó ń san, á ní kí n tọ́jú ara mi. Ọ̀rọ̀ tán nìyẹn.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo sọ òótọ́ fún ìyàwó mi. Aṣọ ló ń ká lọ́wọ́, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Dàpọ̀, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ẹ sọ fún un. Bí ẹ kò bá sọ fún un, n kò ní bá yín sọ ọ́." Mo ní màá sọ ọ́. Ó kú kí n tó sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni Dàpọ̀ lò lọ́dọ̀ mi nígbà ìsìnkú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo la ẹnu láti sọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì náà ló jẹ́ pé ohun tó jáde lẹ́nu mi ni bóyá ó ti wẹ̀.

Iṣẹ́ kò dúró dè mí. Kọ̀ǹpútà dé, wọ́n rán mi lọ kọ́ ọ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ tí ọmọ máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ dé, kò sì sí ẹni tó tún ń wo ojú ẹnikẹ́ni lórí ìlà mọ́. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tuntun tí kò ní ju ẹ̀yìnkùlé lọ ń wọ líìgì, wọ́n ń yá pápá lò. Orí fóònù ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. N kò bú wọn, ó yá ju tiwa lọ, àṣìṣe rẹ̀ kò sì pọ̀. Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo fẹ́ fi ìwé ńlá náà lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní kí Bàbá máa gbé e lọ sílé, pé gbogbo rẹ̀ ti wà nínú kọ̀ǹpútà. Ó wà ní pálọ̀ mi báyìí, lórí àga tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí.

Èmi nìkan ló kù nínú ilé yìí. Ẹ̀bà ẹnì kan ni mò ń tẹ̀, àwo kan ni mò ń fọ̀. Nígbà míì tí mo bá jí, mo lè má sọ̀rọ̀ títí di ọ̀sán, tó bá jẹ́ pé kò sí ẹni tó wá ta búrẹ́dì. Tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bá ń gbá bọ́ọ̀lù, mo máa ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ wò wọ́n. Àwọn òṣìṣẹ́ tuntun kò mọ̀ mí, wọ́n á ní, "Baba, abeg shift small." Màá sún. Ó dùn mí pé wọn kò mọ̀ mí, ó sì tún dára bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá mọ̀ mí á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí nítorí ọjọ́ yẹn.

Ìgbà tí akọ̀wé yín wá bá mi ni gbogbo rẹ̀ dìde. Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, mo pe Dàpọ̀. Ẹnu yà á, torí kì í ṣe àkókò ọdún. Ó bi mí bóyá ara mi kò yá. Mo ní ara mi le, ọ̀rọ̀ kan ni mo ní. Mo sọ fún un pé lọ́jọ́ àṣekágbá yẹn, àmọ́ kan wà nínú òfin, pé mo mọ̀ ọ́n, pé wọ́n bi mí, mo sì ní kò sí.

Mò ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ kékeré lẹ́yìn, ó ń ṣeré.

Dàpọ̀ ní, "I know, Daddy."

Ó ní gémù másítà ilé-ẹ̀kọ́ òun ní Oregbeni ti sọ fún òun ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e. Ọkùnrin náà ti gbọ́ ìtàn ọmọ ọlọ́pàá yẹn rí. Nígbà tí wọ́n bi mí lórí pápá, ó dákẹ́ torí ó ń retí pé èmi tí ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi ni màá sọ ọ́, èmi ni bàbá. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà wà ju èyí tí mo rò lọ.

Dàpọ̀ ní, "I come dey wait for you. I say you go tell me that week. You no talk. I say maybe when I enter university. When Mummy die, I say, okay, now now Daddy go talk am. You ask me whether I don baff."

Ó bi mí pé kí ló dé tó jẹ́ ìsinsìnyí. Mo sọ fún un nípa yín, pé ẹ ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi, pé n kò fẹ́ kó kà á lọ́wọ́ ẹlòmíì kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ó ní, "So if church no tell you to write, you for no tell me?"

Lórí pápá lọ́jọ́sí, mo rò ó lọ rò ó bọ̀ kí n tó dáhùn. Lọ́tẹ̀ yìí n kò rò ó rárá. Mo ní, "Dàpọ̀, bóyá n kì bá tí sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà mí." Ó wá ní, "I hear you, Daddy. Make I call you back." Ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Kò ní kí n má kọ ọ́.

Ọjọ́ kẹfà rèé, kò tíì pè mí padà. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n mo wà lọ́jà, orí ọmọ tèmi wọ́ lójú mi, mo sì kàn ń wò ó. Ẹ bi mí bóyá iṣẹ́ yìí dára. Ó dára. Bí mo bá tún ayé wá, màá tún ṣe é, màá tún di okùn mú nínú ìrì àárọ̀ pẹ̀lú Ọ̀gá Osaze. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu mi kò ju pé iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá yàn, ọgbọ́n tí ọ̀gá yín bá fi sí yín lẹ́nu, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níbi tí ojú gbogbo èèyàn ti máa tó o. Ẹ má sì fi ọmọ yín ra ìyìn, torí àwọn tó yìn mí ti gbàgbé mi, ọmọ mi kò gbàgbé.

Ẹni tí irú iṣẹ́ yìí bá wù nínú yín, kó wá sílé mi ní Oregbeni, kó má dúró de ìpàdé. Ọjọ́ tó bá wù ú ni kó wá, n kì í lọ síbì kankan. Màá fi ìwé náà hàn án, a ó kà á pa pọ̀, mo ní ìtàn púpọ̀ tí n kò kọ síbí. Ṣùgbọ́n bí fóònù mi bá dún nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, kó jọ̀ọ́, kó má bínú sí mi. Màá kọ́kọ́ gbé e.